Aláǹtakùn Kò Mọ Orúkọ Ìyá Ẹnikẹ́ni

Ohun kan wà tí pásítọ̀, àfáà àti oníṣègùn jọ fẹnu kò lé lórí ní Adawlato, ọjà ńlá Lomé tí ènìyàn méjì kì í ti í fẹnu kò lórí iye tí ìdì àǹkárá kan yẹ kó jẹ́. Wọ́n ní òwú aláǹtakùn kì í ṣojú lásán. Bí ó bá ta sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, ayé ló fi dí ọjà onísọ̀. Bí ó bá kan ènìyàn lójú ní kùtùkùtù, bó ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà zémidjan, kó yáa nu ojú, kó tutọ́, kó gbàdúrà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní rí tà lọ́jọ́ náà. Bó bá wá ṣe pé ojú àlá ló ti rí i, ọ̀rọ̀ di ti owó nìyẹn: owó àdúrà, owó sàráà, owó ètùtù.

Mo ń bá ìgbàgbọ́ yìí jà. Mo sì ń bá èkejì rẹ̀ jà, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fi èdè Faransé tó dán sọ: pé igbó àbàtà kò ju ilé ejò, àkeekèé àti aláǹtakùn lọ, pé kò sóhun tó wúlò níbẹ̀, nítorí náà kí wọ́n da yanrìn sí i, kí wọ́n kọ́lé. Ìgbàgbọ́ kan náà ni méjèèjì. Ọ̀kan ń fi ìgbálẹ̀ ṣe é, èkejì ń fi katapílà ṣe é.

Àwa Ànàgó, ìyẹn àwa Yorùbá tó ń gbé Lomé, ni mo kọ́kọ́ ń bá wí, nítorí àwa la gbé èyí tó le jù nínú rẹ̀ wá láti ilé. Àwọn Ewe tí wọ́n ni ilẹ̀ Lomé ní Ayiyi nínú àlọ́ wọn, aláǹtakùn olójúkòkòrò, ọ̀lẹ, elétekéte, tó máa ń jìn sínú ọ̀fìn tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Iṣẹ́ tí Ìjàpá ń ṣe fún wa ló ń ṣe fún wọn, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ànàgó tí wọ́n bí sí àdúgbò wa, Anagokomé, á gbọ́ àlọ́ Ayiyi lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré, á délé, á bá ìyá rẹ̀ lórí àga tó ń pe iná Ẹ̀mí Mímọ́ lé òwú àjà lórí.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Pásítọ̀ á ṣí Aísáyà orí 59. Orí náà mẹ́nu kan òwú aláǹtakùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀: àwọn òpùrọ́, àwọn tó ń ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ń yí ẹjọ́ po ni wòlíì ń bá wí. Aláǹtakùn kọ́ ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Àfáà ní tirẹ̀ kò yẹ kó dá sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Súrà kọkàndínlọ́gbọ̀n nínú Àlùkùránì, orúkọ aláǹtakùn ló ń jẹ́. Àfáà kan náà ló sì ń sọ ìtàn ihò òkè Thawr fún àwọn ọmọ kéú, bí Ànábì àti Àbúbàkárì ti sá pamọ́ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣí kúrò ní Mẹ́kà, tí aláǹtakùn ta òwú dí ẹnu ihò, tí àwọn tó ń lépa wọn wo òwú náà, tí wọ́n sì yí padà. Nínú ìtàn yẹn, òwú tó dí ẹnu ọ̀nà ló gba ẹ̀mí là. Báwo ló ṣe wá di èèdì nígbà tó dé ẹnu ìsọ̀ ní Lomé? Ti oníṣègùn ló rọrùn jù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé a kì í rán nǹkan sí ènìyàn láìmọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀. Aláǹtakùn kò mọ orúkọ ìyá ẹnikẹ́ni. Ibi tí ẹ̀fọn ń gbà kọjá ló mọ̀.

Ẹ wo ibi tó ń ta òwú sí. Abẹ́ gílóòbù tó ń tàn mọ́jú ni, igun ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni, orí gọ́tà ni. Iná ń fa kòkòrò, gọ́tà ń bí ẹ̀fọn, aláǹtakùn sì ń tẹ̀lé oúnjẹ rẹ̀. Onísọ̀ tó ní ayé ń ta òwú sí òun lẹ́nu ọ̀nà, kó pa iná ìta fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó ro gọ́tà iwájú ìsọ̀ rẹ̀, kó wá wò ó bóyá ayé kò ní gbàgbé rẹ̀.

Èyí tó ń kan ojú ní àárọ̀ ńkọ́? Ọmọ aláǹtakùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n kò lè máa bá ogunlọ́gọ̀ àwọn tí wọ́n jọ jáde gbé ojú kan, torí wọ́n á jẹ ara wọn. Á gun orí koríko tàbí orí igi, á gbé ìdí sókè, á tú òwú tín-ín-rín sínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Charles Darwin rí èyí lójú òkun ní 1832: ọkọ̀ wọn jìnnà tó ọgọ́ta máìlì sí etí ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, síbẹ̀ àwọn aláǹtakùn wẹ́wẹ́ bọ́ lulẹ̀ láti òfuurufú, òwú wọn sì bo okùn ọkọ̀ náà. Ta ló rán wọn sí Darwin? Àbúrò ìyá rẹ̀ wo ló ń jowú rẹ̀? Òwú tó kan yín lójú lọ́nà ọjà, òwú ẹni tó ń wá ilé kiri ni.

Mo bá màmá kan tó ń ta àǹkárá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, nídìí ìsọ̀ rẹ̀ tí kò jìnnà sí kàtídírà. Òwú kan wà lókè ilẹ̀kùn, ó tóbi, aláǹtakùn jókòó sáàárín rẹ̀, ó dorí kodò, ó na ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé òwú kọ̀ọ̀kan. Eṣinṣin kan kọlù ú. Kí ojú tó pa á dé, aláǹtakùn ti débẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fa òwú jáde nínú ìdí, ó ń yí eṣinṣin náà po títí kò fi lè mira mọ́, ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó padà sí ipò rẹ̀. Yí ká ibẹ̀, àwọn èyí tó ti jẹ kù so rọ̀: ẹ̀fọn, eṣinṣin, ọmọ aáyán kan tí ó ti gbẹ.

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iṣẹ́ tó ṣe fún yín lóru láìgba kọ́bọ̀.”

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ̀fọn tó pa yẹn kò tó èyí tó jẹ mí lánàá.” Wọ́n ní kí ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà mú ìgbálẹ̀ wá.

Òótọ́ ni màmá sọ. Aláǹtakùn kan kò lè pa ẹ̀fọn Adawlato tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyọ kan ló wà láyé. Ní 2017, àwọn onímọ̀ méjì, Martin Nyffeler àti Klaus Birkhofer, ṣírò iye kòkòrò tí gbogbo aláǹtakùn ayé ń jẹ lọ́dún: láti 400 sí 800 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ẹran àti ẹja tí gbogbo ọmọ ènìyàn ń jẹ lọ́dún, bíi 400 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi wé e. Kí ẹni tó ń gbàdúrà kí gbogbo wọn kú lónìí tètè ronú ẹni tí yóò jẹ 400 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kòkòrò náà lọ́la.

Ohun tó ba ọjà Adawlato jẹ́ rí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Sẹfà tí wọ́n já iye rẹ̀ sí ìdajì ní 1994. Àǹkárá olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà tó gba ọjà mọ́ àwọn Nana Benz, àwọn ìyá olówó tó ń ta àǹkárá, lọ́wọ́. Iná tó jó ilé ọjà ńlá lóru ní oṣù kìíní 2013. Kò sí èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ nínú wọn. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ la ń sọ, ẹni tó ń tajà aṣọ ló yẹ kó bọ̀wọ̀ fún ahunṣọ tí kò ní òfì. Baba wa fi òwú kòkòrò inú igbó hun sányán, ẹni tó sì wọ sányán sóde mọ ohun tó wọ̀. Ní Madagásíkà, Simon Peers àti Nicholas Godley lo òwú aláǹtakùn tó lé ní mílíọ̀nù kan láti hun aṣọ kan ṣoṣo, tí wọ́n pàtẹ ní New York ní 2009. Wọ́n ń mú wọn láàárọ̀, wọ́n ń fa òwú lára wọn, wọ́n sì ń dá wọn padà sínú igbó. Àwọ̀ wúrà ni aṣọ náà, wọn kò rẹ ẹ́ láró, wọn kò pa á láwọ̀ kankan. Bí òwú náà ti ń jáde nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi aṣọ sílẹ̀, ká dé orí gàrí, nítorí ibẹ̀ ni ẹnu mi ti gbà á jù.

Ní 1971, wọ́n rí kòkòrò kan lára ẹ̀gẹ́ ní Ùgáńdà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó kéré débi pé ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí i, àwọ̀ ewé ló ní, ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, torí ìbátan aláǹtakùn ni. Mononychellus tanajoa ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Abẹ́ ewé tuntun ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń fa omi ara ewé mu. Ewé á kọ́kọ́ ní àmì wínníwínní, á wá pọ́n, á súnkì, á já bọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú gan-an, orí ẹ̀gẹ́ á ku igi lásán. Afẹ́fẹ́ gbé e kiri, ènìyàn náà sì gbé e kiri pẹ̀lú igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gé fún ara wọn gbìn láti oko dé oko, láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, títí ó fi gba gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ kan, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pẹ̀lú.

Àwọn tó ní aláǹtakùn àti ìran rẹ̀ burú á ní, “A ti sọ bẹ́ẹ̀!” Kí wọ́n dúró díẹ̀.

Kí ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀? Oògùn apakòkòrò kò lè ṣe é. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ kò ní owó oògùn, oògùn kò sì lè dé abẹ́ gbogbo ewé. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA, tí ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Bẹ̀nẹ̀ lẹ́bàá Cotonou, lọ sí Bràsíl níbi tí ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀ wá, wọ́n wá ohun tó ń jẹ kòkòrò náà ní ilé rẹ̀. Wọ́n rí i. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni òun náà, kòkòrò wínníwínní bíi ti ọ̀tá tó ń lé, ìbátan aláǹtakùn bíi tirẹ̀. Typhlodromalus aripo lorúkọ rẹ̀. Ní 1993, wọ́n tú u sílẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀.

Mo rọ gbogbo ẹni tó ń jẹ gàrí pé kó mọ ìṣe ẹ̀dá yìí. Ní ọ̀sán, ó máa ń sá sí orí ẹ̀gẹ́, sáàárín àwọn ewé kéékèèké tí kò tíì ṣí, níbi tí oòrùn kò ti lè pa á. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á sọ̀kalẹ̀ sórí àwọn ewé tó ti là, á máa ṣọdẹ. Bí ọ̀tá bá tán lára ẹ̀gẹ́ náà, kì í kú, kì í sì í lọ: á máa jẹ ìyẹ̀fun òdòdó àgbàdo tí afẹ́fẹ́ gbé wá, á máa dúró de ọ̀tá. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ń tọ́jọ́. Kò sí ẹni tó ń san owó fún un lọ́dọọdún, kò sí ìjọba tó ń bu ọlá fún un. Láti Bẹ̀nẹ̀ ó tàn wọ Tógò, ó tàn dé Gánà àti Nàìjíríà, wọ́n sì kó o lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn. Gàrí tí wọ́n ń fi agolo wọ̀n ní Adawlato, àti agbeli kaklo, àkàrà ẹ̀gẹ́ tí àwọn ìyá Ewe ń dín lẹ́bàá ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú wọn.

Kòkòrò funfun kan ti kọ́kọ́ fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run ṣáájú, agbọ́n kékeré láti Paraguay ni wọ́n fi ṣẹ́gun ìyẹn, Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà sì gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn tó gbọ́ ìtàn agbọ́n yẹn rí kò pọ̀, àwọn tó gbọ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ inú orí ẹ̀gẹ́ kò tó nǹkan rárá. Agbọ́n ní ìyẹ́, ó ń fò, ojú gbà á. Ìbátan aláǹtakùn ni kì í ní alágbàwí.

Ẹni tó wá gbé ọ̀tápíápíá lọ sí oko ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Oògùn kò mọ èyí tó ń fa omi ewé mu yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ ẹ́. Ó máa ń pa ọdẹ ju ẹran lọ, torí ẹran ń yára bímọ, ọdẹ kì í yára bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Indonéṣíà fojú rí èyí nínú oko ìrẹsì. Bí wọ́n ti ń fọ́n oògùn sí i ni kòkòrò ń pọ̀ sí i, torí oògùn ti pa aláǹtakùn inú ìrẹsì tó ń jẹ wọ́n. Ní 1986, ìjọba Suharto fòfin de oògùn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú oko ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé ìjọba náà fẹ́ràn aláǹtakùn. Ebi ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ẹnìkan á wá rán mi létí pé àkeekèé ò ṣeé dì níbò. Mo gbà. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dì í níbò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ èyí tí a ń bẹ̀rù. Àkeekèé dúdú ńlá inú igbó wa, tí ó máa ń gùn tó ogún sẹ̀ǹtímítà, tí ń gbé inú òkìtì ọ̀gán àti abẹ́ igi tó wó, ìrísí rẹ̀ ń dẹ́rù bani ju oró rẹ̀ lọ. Bí ó bá ta àgbàlagbà, ìrora rẹ̀ kì í sábà ju ti oyin lọ. Ọwọ́ rẹ̀ tó ki ló fi ń pa ẹran. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín tí ìrù rẹ̀ sì ki ni kẹ́ ẹ sá fún, irú wọn sì wọ́pọ̀ ní apá aṣálẹ̀ ju etíkun lọ. Bí ó bá ta ọmọdé, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ilé àdúrà.

Àkeekèé dúdú yìí kan náà tí a ń fi bàtà pa, àwọn ẹlòmíràn ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó o láti Tógò lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń sìn ín nínú àpótí gíláàsì. Ó ti wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá inú igbó, láti 1995, ìyẹn ni pé kò yẹ kó jáde láìsí ìwé àṣẹ. Àwọn kan ń fi òwò yìí gbèjà rẹ̀: ó kúkú ń mówó wọlé. Èmi kò bá wọn lọ síbẹ̀. Oṣù méje ó kéré tán ni abo rẹ̀ fi ń lóyún, ààyè ló ń bí ọmọ, ó sì ń gbé wọn pọ̀n sẹ́yìn títí wọ́n á fi lè dá rìn. Abo tó lóyún gan-an ni wọ́n ń wá kiri inú igbó. Ohun tó ń pẹ́ kó tó bímọ kì í pẹ́ tán.

Aláǹtakùn kan tún wà tó ń gbé orí igi ní etíkun wa yìí, Heteroscodra maculata, eléérú àti funfun, onírun. Àwọn tó ń tà á ní Yúróòpù fi Tógò mọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Èyí gan-an, bí ó bá géni jẹ, ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré, n kò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìrora yẹn ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà tẹ̀lé. Ní 2016, ìwé ìròyìn Nature gbé iṣẹ́ kan jáde, David Julius tó padà gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021 wà lára àwọn tó ṣe é: nínú oró aláǹtakùn yìí ni wọ́n ti rí èròjà tó ń ṣí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo lára iṣan, tí wọ́n sì fi mọ ọ̀nà tí ìrora ń gbà nígbà tí nǹkan bá gún wa tàbí tẹ̀ wá. Ní 2018, àwọn mìíràn fi èròjà kan náà dán eku tó ní Dravet wò, irú wárápá líle kan tó ń mú ọmọ ọwọ́. Gìrì náà dín kù, ikú àwọn eku náà dín kù. Eku ni o, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Àmọ́ ẹ ronú ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ ní Lomé yìí, tó ń sáré gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti sọ fún un pé aláǹtakùn ilé rẹ̀ ló fà á.

Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó yẹ ká gbógun tì wà, a kì í sì í gbàdúrà lé wọn lórí. Kòkòrò tó ń walẹ̀ sábẹ́ àwọ̀ ara ènìyàn tó ń fa kúrúnà, ìran wọn ni. Eégbọn ìran wọn ni. Èyí tó burú jù nínú eégbọn màálù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé màálù tí wọ́n rà láti Bràsíl ló gbé e wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Ivory Coast, ó sì ti tàn kálẹ̀ láàárín àwọn darandaran. Kò gba inú àlá wọlé. Ibodè ló gbà, pẹ̀lú ìwé.

Ó wá ku àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ ní igbó àbàtà kò wúlò. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Lokoli, ní àgbègbè Zogbodomey ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí odò Hlan ti bo ẹsẹ̀ igi fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi ń wọ inú igbó lọ, láàárín igi ògùrọ̀. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀, ọ̀bọ onínú pupa ni wọ́n ń lọ wò. Bákan náà ló rí ní Lekki Conservation Centre ní Èkó, 78 hẹ́kítà tí wọ́n ti dá sí láti 1990: àwọn àlejò ń gun afárá orí igi, wọ́n ń ya fọ́tò ọ̀bọ. Àwọn tó ń gbèjà igbó gan-an ti gbà láìsọ pé ohun tó ní irun àti ojú méjì nìkan ló yẹ ní dídá sí. Mo ń bá àwọn náà wí.

Nínú irú omi dúdú bẹ́ẹ̀ ni aláǹtakùn apẹja ń gbé. Á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn di ewé mú, á gbé ẹsẹ̀ iwájú lé ojú omi láìrì, á máa fi wọ́n gbọ́ ìgbì. Kòkòrò tó bọ́ sómi lòun ń jẹ jù, ṣùgbọ́n ó ń mú ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, ó sì ń mú ẹja tó tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Lórí ilẹ̀, lábẹ́ ewé jíjẹrà tí omi kò gbẹ lára rẹ̀, ni Ricinoides wà, ẹ̀dá kékeré tí kò lójú, tó ń rọra rìn, tó ní ìbòrí tó ń sọ̀kalẹ̀ bo ẹnu. Ní 1838 ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ọ̀kan tó wà láàyè nínú ìran rẹ̀, etíkun Guinea wa yìí ló sì ti wá. Ìran náà ti wà láyé fún ohun tó lé ní 300 mílíọ̀nù ọdún. Lónìí, Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà àti àwọn apá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó móoru nìkan ni wọ́n kù sí. Bí ewé yẹn bá gbẹ, wọ́n tán. Wọn kò lè fò, wọn kò lè fi afẹ́fẹ́ rìn bí ọmọ aláǹtakùn.

Ìjọba Tógò mọ̀ pé àbàtà níye lórí; ní 2007, wọ́n forúkọ àbàtà etíkun wọn sílẹ̀ lábẹ́ Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí àbàtà. Àwọn ará Bè ti mọ̀ ṣáájú ìjọba: igbó òòṣà wọn ṣì wà láàárín Lomé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ti há a mọ́. Àwọn tó dá a sí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè ohun tí yóò mú wọlé.

Ẹ̀tàn tó kù sẹ́nu àwọn oníyanrìn ni ẹ̀fọn. Wọ́n ní àbàtà ló ń bí ibà, kí wọ́n dí i. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà jù lọ́dọ̀ wa, Anopheles gambiae, kì í fẹ́ omi tó wà lábẹ́ òjìji igi ńlá, níbi tí aláǹtakùn apẹja àti ọmọ ẹja ti ń dúró dè é. Omi kékeré tí oòrùn ń ràn sí lójú ni tirẹ̀, èyí tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dà jọ, tí ohun tí yóò jẹ ẹyin rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Gé igbó náà, da yanrìn sí i, jẹ́ kí tírélà tẹ ojú ilẹ̀ di kòtò, kí òjò rọ̀: o ti kọ́lé fún un nìyẹn, o sì ti lé àwọn tó ń jẹ ẹ́ kúrò níbẹ̀ kí ayálégbé tó kó dé. Nígbà tí ayálégbé bá dé, á ra nẹ́ẹ̀tì, á ra oògùn ẹ̀fọn, á gbé ìgbálẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá aláǹtakùn kiri òkè àjà.